Orin Ìdí Ààrò

Níbi tí a ti ń dúró de síkáànì, àwòrán inú ara, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan. Àìsàn iṣan tí dókítà ń pè ní MS ti fi ọ̀pá lé ìyàwó lọ́wọ́.

"Dádì, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lábẹ́ ìhà?"

"Iṣan tó ń fa èémí, bóyá ó ti ń rẹ òun náà. Èmi ni mo sọ fún dókítà pé o kì í lè parí orin mọ́ tí o bá ń dáná."

"Háà! Ẹ ń ṣọ́ orin mi?"

"Ta ni mo tún ń gbọ́ nílé?"

Ta ni mo tún ń gbọ́ nílé! Èmi náà máa ń kọrin nídìí ààrò nílé wa ní Jakande. Ọkọ mi kú láìmọ̀ pé mo ń kọrin.