Bí Mo Ṣe Sọ Ìyá Aláró Di Abọrìṣà Lójú Àwọn Òyìnbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi. Irọ́ kan ti wà níkùn mi láti ìgbà ìjọba Rẹfolúṣọ̀n, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba lé wa lórí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ tí mo fẹ́. Jímọ̀ tó kọjá ni mo tó tú u sílẹ̀ lójú ẹbí mi. Ó wá ku ẹ̀yin, nítorí irọ́ náà ti jáde kúrò nílé wa tipẹ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe ní Kútọnu nígbà náà. Ará Ṣakété ni wá, ṣùgbọ́n mo ti gbé Èkó rí, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé àwọn òyìnbó gbafẹ́ kiri bá gúnlẹ̀ ní pọ́ọ̀tù láàárọ̀, èmi ni ọ̀gá mi máa ń rán pé kí n kó wọn lọ wo ahoro ààfin àwọn ọba àtijọ́ àti ojúbọ òrìṣà tí ìjọba ti sọ di ohun ìwòran, kí n sì dá wọn padà kí ọkọ̀ wọn tó ṣí nírọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, a dé Godomey, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Wọ́n ní ọ̀nà Àgbómẹ̀, níbi tí ahoro ààfin wà, ti dí, àwọn èèyàn ńlá ń kọjá. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ká padà síbi tí a ti wá. Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó kún fún arúgbó òyìnbó, gbogbo wọn dé fìlà, wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n ń bi mí pé ahoro dà. Ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé tí àlejò kan bá tún ráhùn, kí n gbàgbé iṣẹ́. Ni mo bá sọ fún awakọ̀ pé kó ṣẹ́rí padà, ká forí lé Sèmè.

Sèmè ni Ìyá Sàfúrá, àbúrò ìyá mi, ti ń rẹ aṣọ láró fún àwọn oníṣòwò ọjà Missèbo. Ilé amọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti wó dé ìdajì ló wà níbẹ̀, àti àwọn ìkòkò ńlá ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yípo, àti òkìtì eérú tó ga ju èèyàn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwọn òyìnbó pé ojúbọ àtijọ́ ni. Mo ní ìyá tó jókòó láàárín ìkòkò yẹn ni olórí àwọn abọrìṣà ibẹ̀.

Ìyá Sàfúrá kẹ̀! Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun kan fo òun, tó ń tọrọ Mẹ́kà lójoojúmọ́!

Òun ní tirẹ̀, mo sọ fún un ní Nàgó, èdè ìlú wa, pé oníbàárà ni mo kó wá. Inú rẹ̀ dùn. Àfi bí bàbá òyìnbó kan ṣe fẹ́ ti ọwọ́ bọ ìkòkò. Ìyá lọgun: "Èèwọ̀! Sọ fún un kó yọwọ́ o! Ṣé ó fẹ́ pa aró mi ni? Aró tí mò ń tọ́ bí ọmọ!"

Mo yíjú sí àwọn òyìnbó, mo ní ìyá ń sọ pé òrìṣà ti gba ìrìnàjò wọn. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Bàbá yẹn kúnlẹ̀ gbì.

Ìyá wò ó, ó wò mí. "Kí ló ń ṣe eléyìí? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Délégé dé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò. Ó ti ń halẹ̀ tipẹ́ pé òun máa wó àgbàlá yẹn, kí wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ìgbà yẹn sì rèé, ìjọba ń fojú burúkú wo àwọn abọrìṣà, wọ́n ń kó wọn lọ sátìmọ́lé ni. Bó bá gbọ́ ohun tí mo pe ìyá mi, ó parí nìyẹn.

"Ehuzu!" ló fi kí wa, ìyẹn ìkíni Rẹfolúṣọ̀n, pé ayé ti yí padà.

"Dandan!" ni mo dáhùn, mo sì na ìkúùkù mi sókè ju tirẹ̀ lọ.

Ó fi Faransé bi mí pé kí ni àwọn òyìnbó wá ṣe. Mo ní, Kàmáráàdì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n wá wò, àwọn mẹ̀kúnnù tí àwọn ọba rẹ́ jẹ. Mo ní òkìkí àgbàlá yìí ti dé òkè òkun. Ha! Ojú rẹ̀ là. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó lọ dúró ti Ìyá Sàfúrá, ó na ìkúùkù, ó ní kí wọ́n ya òun.

Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò, Faransé fún délégé, Nàgó fún ìyá mi. Kò sí èyí tó mọ ohun tí mo sọ fún ẹnì kejì. Òógùn bò mí bí ẹni ń gúnyán, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mìíràn lé e: inú mi dùn! Wọ́n ra aṣọ Ìyá tán. Délégé fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibẹ̀. Wọ́n wó àgbàlá tọ̀tún, wọ́n wó tòsì, tiwa dúró digbí! Ọkọ̀ mìíràn dé, mo tún kó wọn wá. Aró yẹn ni Ìyá fi rán Làmídì, ọmọ rẹ̀, nílé kéwú. Aró yẹn náà ló gbé Ìyá dé Mẹ́kà kó tó kú.

Làmídì yìí ni lemọ́mù wa lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọdé òyìnbó kan gbé àwòrán tí bàbá bàbá rẹ̀ yà wá sí Sèmè, ó ń wá ojúbọ. Àwòrán Ìyá ni, wọ́n sì kọ "abọrìṣà" sábẹ́ rẹ̀. Làmídì sunkún. Ó ní ṣé ìyá òun ń bọ òrìṣà lẹ́yìn òun ni? Ó búra pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun máa fọ́ gbogbo ìkòkò yẹn. Àwọn ìyàwó ilé tó ń jẹun nídìí aró bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Mo dé ibẹ̀ ní Jímọ̀ náà, ó ti mú òòlù lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ìkankan pamọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí àwọn òyìnbó yẹn ń lọ, kí ni màmá mi sọ?"

Mo ní, "Ó ní, 'Àwọn wọ̀nyí mà ṣe mí láàánú o. Wo bí oòrùn ṣe bó wọn nímú. Bá mi bù wọ́n lómi, kò sí ìyá wọn nítòsí.'"

Làmídì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dà lójú rẹ̀. "Màmá mi nìyẹn! Màmá mi gan-an nìyẹn!" Ó ju òòlù sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ta ijó. Wọ́n dá iná sábẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń po aró lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n irú àwòrán yẹn ṣì wà nílé àwọn òyìnbó káàkiri, mi ò sì mọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí i níbì kan, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kì í ṣe abọrìṣà. Aláró ni, Hàjíà sì ni. Kò sí àlùwàlá tó lè wẹ aró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ búlúù yẹn ló ń tẹ́ sí Ọlọ́run lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ọmọ rẹ̀ ti dárí jì mí. Òun ńkọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rò pé ó ti dárí jì mí?