Ọkọ̀ Sọ́jà Tí Mi Ò Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí tó fi kú. Ní báyìí, èmi nìkan ló kù nínú ilé ní Sango, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́, ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì káàkiri Ọ̀tà, iṣẹ́ iyanrìn kíkó pọ̀. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ sọ́jà tó ti gbó ní gbàǹjo, mo ra lọ́rì ńlá kan. Wọ́n kìlọ̀ fún wa dáadáa pé ká kùn ún ní ọ̀dà mìíràn kó tó gun títì.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kùn ún. Ojúkòkòrò ni. Mo rí i pé ọlọ́pàá kì í dá ọkọ̀ tó ní àwọ̀ sọ́jà dúró. Mo ní kí n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná.

Kàmọ́rù ló ń wà á. Ọmọ Adó-Odò ni, ó mú mi bí ẹ̀gbọ́n. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà ńkọ́?"

Mo ní, "Mo ti gbàwé àṣẹ. Máa wakọ̀ ẹ lọ, jàre."

Irọ́ ni. Mi ò gba ìwé kankan.

Lọ́jọ́ kan, àwọn sọ́jà dá a dúró ní Ojú Ọrẹ. Mo ń bọ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ta ló lọkọ̀. Kàmọ́rù nawọ́ sí mi, inú rẹ̀ dùn pé mo dé. Mo ní, "Èmi kọ́ o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí." Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó máa lọ. Mò ń gbọ́ ìró ìgbátí lẹ́yìn mi.

Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ti Kàmọ́rù mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Itele ni mo sá pamọ́ sí. Ó sú wọn ni wọ́n fi tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Ó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó padà sóko.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí. Kàmọ́rù rò pé ọgbọ́n ni mo dá, pé mo sẹ́ òun kí n lè ráyè wá ẹni tó máa bẹ̀ wọ́n. Ó gbà pé èmi ni mo yọ òun! Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì bá a. Ọdọọdún ló ń gbé gàárì wá fún mi. Kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi, adìyẹ aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún dé. Ó jókòó, ó yí etí ọ̀tún sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ òun pé bí òun bá kú, èmi ni bàbá wọn. Yéè! Mo sá wọ yàrá, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òun nìkan ló ń kanlẹ̀kùn mi. Bí mo bá sọ ọ́, mi ò lẹ́nì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n etí kan ló kù fún un láyé yìí. Ṣé ìyẹn náà ni kí n wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí?