Àwọn Ọmọ Hélénì

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé Barking Riverside, nílùú Òyìnbó níbí, ni. Mo jókòó nínú ọkọ̀ náà sẹ́yìn ìyá kan tó wọ sùtánà àti ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ìtàn Gíríìkì lo fẹ́ lọ kà? Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ ná. Wọ́n ní orúkọ ìlú kékeré kan ni àwọn ará Róòmù fi pe gbogbo wọn ní Gíríìkì. Àwọn fúnra wọn, Hélénì ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ní Hélénì ni baba ńlá wọn."

"Àwọn Hélénì inú Bíbélì wa? Bí àwa ṣe jẹ́ ọmọ Odùduwà?" Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ń gbá itan. "Ẹni tó bí wọn ni wọ́n ń jẹ́! Ẹbí wa ni wọ́n o! Lọ kà á jàre."

Ẹ̀rín pa mí délé. Mo sọ fún àwọn ọmọ ọmọ mi pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Màmá Chadwell Heath torí pé ibẹ̀ ni mò ń gbé, ṣé Chadwell Heath ló bí mi? Ògúndélé ni bàbá mi, Ọmọ Ògúndélé ni kí ẹ máa pè mí!"