Ọ̀dà Tútù Lára Ilẹ̀kùn

ỌMỌ: Hẹ́lò? Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ jí dáadáa?

BÀBÁ: A dúpẹ́. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ỌMỌ: Wọ́n wà, sà. Bàámi, aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn yín pè mí. Ó ń—

BÀBÁ: Ojú ò tiẹ̀ tì í.

ỌMỌ: Ó ń sunkún. Ó ní ẹ ní kí òun kó jáde lónìí.

BÀBÁ: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé máṣíìnì rẹ̀ síta.

[Òòlù ń dún]

ỌMỌ: Kí lẹ̀ ń kàn?

BÀBÁ: Ìdábùú irin kẹta.

ỌMỌ: Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo! Ẹ̀wọ̀n lẹ̀ ń kọ́ fún ara yín—

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, ẹnì kan ń wá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi nídàájí. Kò kànkùn, kò sọ̀rọ̀. Á dúró díẹ̀, á lọ.

ỌMỌ: Jésù! Ẹ ò sọ fún mi—

BÀBÁ: Kí o lè máa wá gbààwẹ̀ lé mi lórí? Mo dẹ pańpẹ́ fún un. Lánàá, mo kun ìta ilẹ̀kùn náà. Mo po epo mọ́ ọ̀dà kó má tètè gbẹ.

ỌMỌ: Háà! Bàámi!

BÀBÁ: Iṣẹ́ mi ni. Ó ti kó sí i. Àmì ọwọ́ wà níbẹ̀ gbàgàdà.

ỌMỌ: Ti aránṣọ?

BÀBÁ: Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun nìkan la jọ ń gbélé.

ỌMỌ: Ṣé ẹ rí ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀?

BÀBÁ: Ó ti fọ̀ ọ́.

ỌMỌ: Daddy, please. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé oil paint ò gbọ́ ọṣẹ.

BÀBÁ: Ó lè ní kẹ́rósìnì.

ỌMỌ: Network yìí... Ṣé ẹ gbọ́ mi? Báwo ni ọwọ́ náà ṣe rí?

BÀBÁ: Méjì. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìka kéékèèké.

ỌMỌ: Olè wo ló ń fi ọwọ́ méjèèjì pẹrẹsẹ ṣílẹ̀kùn?

BÀBÁ: Mo ti bi ara mi.

ỌMỌ: Màámi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lọ ìsìn ìdájí, wọ́n á gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn níta, wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣọ́ yín.

BÀBÁ: N kò mọ̀.

ỌMỌ: Ẹ máa ń sùn, sà. Ẹ máa ń han—

[Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn]

BÀBÁ: Dákẹ́. Ó ti dé.

OHÙN OBÌNRIN [láti ìta]: Ọlọ́dà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kẹ́rósìnì. Ẹ wo bí ẹ ṣe sọ ọwọ́ mi dà!

ỌMỌ: Ìyá Akọrin nìyẹn! Ọ̀rẹ́ Màámi ní ṣọ́ọ̀ṣì!

BÀBÁ: Kí lo ń wá lára ilẹ̀kùn mi?

OHÙN OBÌNRIN: Àdúrà ni o. Ìyàwó yín ló bẹ̀ mí lórí àìsàn, pé kí n máa bá òun ṣe é.

BÀBÁ: Kí ló dé tí o kò kànkùn?

OHÙN OBÌNRIN: Ẹ lé gbogbo ìjọ lẹ́yìn ìsìnkú. Èwo ni kí n wá gba èébú nídàájí?

[Ọmọ rẹ́rìn-ín]

BÀBÁ: Ọlọ́run tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, kí ló dé tí kò ṣọ́ ìyàwó mi náà?

OHÙN OBÌNRIN: Èmi náà bi í, Ọlọ́dà. Kò tíì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì jí lọ́jọ́ kan kí n má bá a níbẹ̀.

[Bàbá gbé òòlù sílẹ̀]

ỌMỌ: Bàámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́. Ìyá Akọrin, na ọwọ́ rẹ síbi fèrèsé kí n rí i.

OHÙN OBÌNRIN: Ẹ ṣì ń fura sí mi? Ó dáa, òun nìyí.

BÀBÁ: Ọ̀dà mi ni lóòótọ́.

[Ìró ìdábùú irin tí Bàbá ń yọ, lẹ́yìn náà òmíràn]

ỌMỌ: Aránṣọ ńkọ́, sà? Kí n pè é?

BÀBÁ: Má pè é. Èmi ni mo lé e, èmi ni màá lọ bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún obìnrin yìí. Kí o sì dúró, má gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ... ohun tó máa ń sọ níbẹ̀ yẹn, mo fẹ́ kí o sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìpè já]