Kámẹ́rà Tí Kò Wo Géètì

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń cháàjì bátìrì mọ́tò ní Festac ni lánlọ́ọ̀dù kan àti ọmọbìnrin tó gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ ti kọjú ìjà síra wọn. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé bátìrì tèmi kún kí wọ́n tó fi wáyà kàn án.

"Kámẹ́rà tó o gbé sórí òrùlé mi yẹn, yí i sí géètì. Ṣé ojú ọ̀run lolè ń gbà wọlé ni?"

"Ẹ má bínú, Dádì, mi ò ní yí i. Ìràwọ̀ tó ń já ló ń ṣọ́."

"Ìràwọ̀ tó ti já, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀rẹ́ mi ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá náà gbé tiẹ̀ sókè. Àwòrán méjèèjì la fi ń mọ ọ̀nà tí ìràwọ̀ náà gbà kọjá. Bí mo bá yí tèmi, mo ti fọ́ ọ̀rẹ́ mi lójú kan nìyẹn."

"Yí i, tàbí kó o kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi!"

Ọmọ náà gbé bátìrì rẹ̀ rù. "Màá kó o, Dádì. Ilé lẹ ni, ẹ ò ni ojú ọ̀run."

Ilé lẹ ni, ẹ ò ni ojú ọ̀run! Mo ń wí i lábẹ́ ètè títí mo fi délé. Lánlọ́ọ̀dù tèmi ló ṣílẹ̀kùn. Mo sọ ọ́ sí i lójú kí n tó kí i.