Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ kó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú takisí tó ń lọ sí Kpankou ní agbègbè Kétu ni ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ kó iṣẹ́ sára aṣọ ti ń bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jiyàn.

"Gbogbo bátànì tí olóògbé ọkọ mi yà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìkan ló mọ̀ wọ́n. Òun náà sì ti dákẹ́. Àlòkù irú rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ rà ní Kútọnu."

"Ìyá, mo ti kó bátànì yín jáde. Màá kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun kó máa ṣe bíi ti àtijọ́. Ṣebí ọmọ Kétu lẹ jẹ́? Ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó sì ń jó bí obìnrin."

"Ó ń jó bí obìnrin lóòótọ́. Ìgbà wo ló fún ọmọ lọ́mú?"

Àwa tó kù kò rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ìyá náà le.

"Ta ló fẹ́ mu ọmú, Ìyá?"

"Ẹ̀rọ mi ni. Wáyà tó fi ń gba bátànì, ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń wọ̀. Tuntun kò ní ihò rẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa di abẹ́rẹ́ mú?"

"Ti wáyà yẹn, mi ò tíì rò ó."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, n kò mọ ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi tó ní ihò irú wáyà bẹ́ẹ̀, èyí tí òun máa ń gbé ìkòkò lé lórí. Ó ní ta ni mo fẹ́ gbé e fún. Mo ní obìnrin kan ní Kpankou, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Àlàyé yẹn ni mo ṣì ń ṣe.