Ohun Tí Mo Ní Kí Ìyá Tíṣà Pa Rẹ́

Ọ̀gá wa tó wà lórí àga, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ sì ti sanra ju bẹ́ ẹ ṣe kúrò níbí lọ, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́yìn ilé, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ń gbé fíríìjì gun àtẹ̀gùn, ọkọ mi tó wọ bàtà tuntun nítorí tèmi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó nídìí fóònù ilé iṣẹ́ yìí, tí mò ń sọ ohun tí àwọn oníbàárà wa máa ṣe fún wọn nígbà tí ẹrù tí wọ́n rà bá yarí. Lónìí ni mo gbé fóònù náà kalẹ̀. Etí mi ọ̀tún ń dúpẹ́.

Kí ni mi ò tíì gbọ́? Ọkùnrin kan pè mí pé rìmóòtù òun ti sọnù, pé tẹlifíṣọ̀n sì ń pariwo, ó ń dákẹ́ fúnra ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde lórí àga." Ó dìde. Rìmóòtù ló jókòó lé! Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Òmíì ní kọ̀ǹpútà òun ya ọ̀lẹ. Mo ní kó ka iye ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ lórí búráúsà, ìyẹn ohun tá a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á, ó kà á, ó pe ìyàwó ẹ̀ kó wá bá òun kà á: mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ẹ̀yin gan-an, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ẹ ò ní jókòó sílẹ̀ ni?

Ẹnì kan tún pè pé iná wà nílé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà òun kú fín-ín fín-ín. Ẹkitẹ́ńṣọ̀n tó fi ń fa iná, ó ti ki orí ẹ̀ bọ ojú ara ẹ̀! Mi ò ní dárúkọ onítọ̀hún, torí òun ni alága wa lónìí. Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ ò kúkú lè lé mi níṣẹ́ mọ́.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n èmi náà ti jẹ̀bi rí, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ kí n tó lọ.

Ìyá àgbà kan wà tá à ń pè ní Ìyá Tíṣà, torí pé gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìṣì í kọ. Káfíńtà ni ọkọ wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún náà ni. Ìyá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé búráúsà àwọn ń wọ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló ń dúró lórí fóònù, ojú sì ń kán mi. Mo ní, "Ẹ pa gbogbo ohun tó fi pamọ́ rẹ́, mà."

Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ pátá!"

Búráúsà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo kan sáárá sí ara mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n tún pè. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò rí ọkọ mi mọ́."

Àwọn lẹ́tà tí bàbá kọ sí ọ̀rẹ́ wọn kan, tí òun náà ti kú, ló wà nínú ímeèlì bàbá náà. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni ìyá ń ka ọ̀kan. Búráúsà nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tá a fi ń ṣí i. Èmi ni mo sì ní kó gbàgbé.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ká tó lè rí páásíwọ́ọ̀dù tuntun gbà, kọ̀ǹpútà ní ká dáhùn ìbéèrè kan tí bàbá fúnra wọn yàn: "Orúkọ wo lò ń pe ẹni tó o kọ́kọ́ fẹ́ràn?" Ojú ti ìyá, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dúdúyẹmí ló máa ń pè mí." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe òun.

Hà! Ojú ìyá yí padà. "Ta wá ni?" Kí n tó dá wọn lẹ́kun, wọ́n ti tẹ orúkọ aránṣọ tó wà ní ìkángun àdúgbò. Kì í ṣe òun náà. Wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn obìnrin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni àbúrò yín fẹ́ràn kó tó rí mi?"

Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ gbọ́ èsì: "Ta ni ì bá gbà fún un? Ìwọ gan-an, àwa la tì í lẹ́yìn kó tó lè kí ẹ!"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù ká gbìyànjú, kí kọ̀ǹpútà tó ti ìlẹ̀kùn pa. Mo ní, "Ìyá, báwo ni bàbá fúnra wọn ṣe máa ń kọ orúkọ yẹn sílẹ̀?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ wọn kàn fún wọn nígbà ìgbéyàwó. Pẹ́ńsùlù ni bàbá fi kọ ọ́ sínú ìlẹ̀kùn ẹ̀: "Ti Dúdúnyẹmí." "N" kan há sáàárín, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi sọ fún un!" ni ìyá pariwo. A fi "n" náà sí i. Ímeèlì ṣí.

Ìyá ka lẹ́tà tó kọ́kọ́ yọ sókè: "Ìyàwó mi ṣì ń fi bírò pupa lé mi kiri inú ilé. Kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti mọ orúkọ ẹ̀ kọ. Bó ṣe ń bínú ló wù mí." Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tèmi náà bọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Wọn ò fún mi ní ìwé ìbáwí. Ìsinmi Sátidé tí mo lò ni wọ́n dá padà fún mi. Ọ̀gá, mi ò gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jókòó sórí àga mi, kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa nǹkan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán mọ ibi tí páásíwọ́ọ̀dù yín wà, àmọ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà o!

Kí iná má jó ilé yín. Kí ẹ̀rọ yín má kú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Ní tèmi, láti ọjọ́ Ajé, mo di oníbàárà. Fíríìjì wa ti ń kùn láti oṣù tó kọjá, ọkọ mi sì ti tú u palẹ̀, ó ní òun ń tún un ṣe. Aago mẹ́jọ géérégé ni n ó pè. Ẹni tó bá gbé fóònù, kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù tí mo lò. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.